Ìyẹ́ Ọrùn Gómìnà

Kí a tó di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ fún Clementina, nítorí ẹnu ara rẹ̀ ló fi fa gbogbo rẹ̀. Ẹnu náà kì í sinmi. Bí Clementina bá sùn pàápàá, ẹnu rẹ̀ a máa hanrun débi tí àwọn ará ojúlé kejì yóò fi máa gbá ògiri.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ni. Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Ìbídùn tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ sì ń bi obìnrin kọ̀ọ̀kan léèrè ohun tí yóò mú wá síwájú Olúwa. Ìyá kan ní òun yóò mú iṣu wá. Òmíràn ní òun yóò ra odidi àpò ìrẹsì kan ní Òkè Àrin, ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún un. Àtẹ́wọ́ yẹn ló dun Clementina. Kò lágbára àpò ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jókòó kalẹ̀ kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Ó dìde, bẹ́ǹṣì tó jókòó lé mí kanlẹ̀, ó ní, "Ohunkóhun tó bá ní ìyẹ́ lára nínú àgbàlá mi, ti Ọlọ́run ni. Ẹ wá kó o." Ó sì fọwọ́ lu àyà gbàgà láti fi di ọ̀rọ̀ náà.

Ibi tó lù gan-an ló fi ìwọ̀ ẹja kan há sí. Ó fi í ṣe ọ̀ṣọ́ wá sípàdé, pẹ̀lú ìrètí pé ẹnìkan yóò bi í pé kí ni nǹkan ológe yìí, kí òun lè sọ pé òyìnbó ló bẹ òun níṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bi í. Ìwọ̀ náà gún un lọ́mú wọra. Igbe tó ké jáde kúrò ní kèrémí. Ìyá arúgbó kan tó ti ń tòògbé lẹ́yìn dáhùn pé, "Àmín," ni gbogbo ilé bá gbà á, wọ́n ní Ẹ̀mí ti bà lé Clementina lórí ọ̀rọ̀ ìkórè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ ju ti ìrẹsì lọ. Ó fọwọ́ di ọmú mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹrí ba. Ó délé kó tó mọ̀ pé ìwọ̀ náà ti já bọ́ síbì kan. Kò padà lọ wá a. Àtẹ́wọ́ ṣì ń ró létí rẹ̀.

Ìwọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí àwọn apẹja ọ̀sà máa ń fi ekòló bọ̀. Ìwọ̀ kékeré ni, kò ju èékánná ìka lọ, ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni a wé mọ́ ọn lára tó fi dà bíi kòkòrò tó bà lé omi. Mísítà Dọ́gílàsì, òyìnbó tó máa ń tọ́ ọkọ̀ òkun wọ èbúté, ló mú irú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Clementina lẹ́yìn Àjíǹde ọdún 1954 yẹn. Aáyán ti jẹ èyí tó gbé wá láti ìlú rẹ̀ ní àjẹtán. Wọ́n wá sọ fún un ní Màrínà pé obìnrin ọmọ Àgùdà kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó ń fi ìyẹ́ ṣe àkẹtẹ̀ obìnrin lọ́ṣọ̀ọ́.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá ìyá Clementina ló ti Bàhíà kọ́ iṣẹ́ náà bọ̀, Clementina sì ti fi tọ́ ọmọ, ó ti fi sin ọkọ. Ṣùgbọ́n ta ló tún ń dé àkẹtẹ̀ mọ́? Àwọn obìnrin tó ti ń fi ìyẹ́ gún orí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré ti ń wé gèlè, wọ́n ní ojú àwọn ti là. Clementina a jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, a máa wo àwọn àkẹtẹ̀ tó wà lára ògiri bí ẹni ń wo ọmọbìnrin tí kò rí ọkọ fẹ́.

Ẹni tó gbé àkẹtẹ̀ wá fún un gbẹ̀yìn, ní àsìkò tí òyìnbó náà dé gan-an, Ìbídùn yìí kan náà ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ Clementina ni, Ìyálé ló sì máa ń pè é. Àkẹtẹ̀ dúdú kan ni, ìyẹ́ aláwọ̀ eérú tí ṣóńṣó rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà yí etí rẹ̀ ká. Olóògbé ọkọ rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Fìrítáùn kó tó di pé ikú mú un lọ. Aṣọ inú rẹ̀ ló fẹ́ kí Clementina pààrọ̀. Nígbà tó wá gbà á, aṣọ inú rẹ̀ jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìyẹ́ etí rẹ̀ ti pòórá. Clementina ní èkúté ni. Ó ní èkúté Ìsàlẹ̀ Èkó kò mọ Ọlọ́run, kò mọ opó. Ìbídùn wo àkẹtẹ̀, ó wo ìyálé rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti ń wé gèlè.

Clementina wé ìwọ̀ mẹ́ta fún Mísítà Dọ́gílàsì lákọ̀ọ́kọ́, ó wé ọ̀kan sí i fún ara rẹ̀ láti máa fi yangàn. Àwọ̀ eérú ni òyìnbó náà fẹ́, ó ní àwọn ẹja odò tútù ìlú òun kò jẹ òmíràn. Clementina ní àkùkọ aláwọ̀ eérú kan, ṣùgbọ́n ó ń pa ìyẹ́ dà lákòókò náà, ọrùn rẹ̀ ṣófo bíi ti igún. Kò burú. Obìnrin tó mọ ilé ara rẹ̀ kì í wá ìyẹ́ tì. Nígbà tí òyìnbó náà sọ ìwọ̀ sínú bàsíà omi, tí ìwọ̀ kò rì, ó bọ́ fìlà. Ó ní òun ń lọ sílé fún ìsinmi. Ó ní ìsọ̀ kan wà nílùú òun tí kò tà ju nǹkan ẹja pípa lọ. Kí Clementina wé ìwọ̀ méjìlá tó dọ́gba fún òun, kí òun gbé e han onísọ̀. Bí onísọ̀ bá fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ọkọ̀ mélì, ọkọ̀ òkun tó ń kó lẹ́tà, tó bá gúnlẹ̀ ni yóò máa gbé ìwọ̀ lásán wá, tí yóò sì máa gbé ìwọ̀ oníyẹ́ padà lọ.

Ẹ gbọ́, obìnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kú, ẹ wá sọ fún un pé iṣẹ́ náà jí. Clementina kò sùn dáadáa mọ́. Àkùkọ náà ló ń wò. Gómìnà ló sọ ọ́, nítorí ìyẹ́ tí gómìnà òyìnbó máa ń dé sórí lọ́jọ́ ayẹyẹ. Bí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ti ń hù padà ni Clementina ń fọwọ́ wọ́ ọ, ó ń fún un ní àgbàdo tó yẹ kó fi ṣe ògì fún ara rẹ̀.

Ìyẹ́ ọrùn yìí, kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú yẹpẹrẹ wò. Ti abo adìyẹ rọ̀ jù. Bó bá kan omi, á lẹ̀ mọ́ra bí irun ẹni tí òjò pa. Ti àkùkọ tó ti gbó ló máa ń gùn tẹ́ẹ́rẹ́, tó le, tó ń dán. Clementina a ya irun múlọ́múlọ́ tó wà nídìí rẹ̀ dànù, a fi òwú sílíkì tó ti fi ìda pa de ìdí ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀, a fi ẹ̀mú kékeré di ṣóńṣó rẹ̀ mú, a wá máa yí i po ìwọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Bó ti ń yí i ni irun ìyẹ́ yóò máa dìde gannígannì, bí irun ọrùn ajá tó rí olè. Orí àwọn irun yẹn ni ìwọ̀ máa ń dúró sí lójú omi bí ẹ̀fọn. Ohun kan ṣoṣo ni ìyẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ fojú kàn, omi gbígbóná ni. Gbígbẹ ni a ó bó awọ ọrùn àkùkọ tòun tìyẹ́, a ó fi iyọ̀ pa inú awọ, a ó kàn án mọ́ pákó kó gbẹ. Bí omi gbígbóná bá kàn án, dídán rẹ̀ lọ, irun rẹ̀ ká kò, ó di ohun tí a ń tì bọnú ìrọ̀rí.

Ọjọ́ Mọ́ńdè lẹ́yìn ìkórè ni Clementina dá láti pa Gómìnà. Ọkọ̀ mélì tí Mísítà Dọ́gílàsì yóò bá lọ sílé yóò ṣí ní Tọ́sìdé. Ní Sátidé, ó bo àkùkọ náà mọ́ abẹ́ agò lẹ́yìn ilé ìdáná, ó gbé òkúta lé e lórí, ó gba Ìdúmàgbò lọ láti ra òwú. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípàdé kò dẹ́rù bà á. Lọ́kàn tirẹ̀, àwọn abo adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ arọ kan ló fún Ọlọ́run. Gómìnà kì í ṣe adìyẹ lójú rẹ̀. Irinṣẹ́ ni. Ta ló ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ ìkórè?

Nígbà tó padà dé, Hàwáwù, ìyàwó apẹja tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, ń yan ẹja lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí i bó ṣe máa ń kí i.

"Màmá, ẹ jókòó ná."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì yín wá kó adìyẹ."

"Ṣé wọ́n kó pẹ́pẹ́yẹ náà? Kí wọ́n má fi arọ yẹn sílẹ̀ fún mi o."

"Wọ́n kó o." Hàwáwù yí ẹja kan padà lórí ààrò, ó tún yí i padà. "Wọ́n gbé Gómìnà pẹ̀lú."

Òwú bọ́ lọ́wọ́ Clementina. "Ìwọ ò rí òkúta lórí agò ni?"

"Mo rí i. Mo ní, ẹ̀yin ìyá, àkùkọ tí olówó rẹ̀ gbé òkúta lé lórí, kò fẹ́ kó jáde ni. Èyí tó ṣáájú wọn, ìyàwó ilé yín, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé òkúta kúrò. Ó ní ṣé àkùkọ yìí kò ní ìyẹ́ lára ni."

Clementina kò jókòó. Orúnkún rẹ̀ tó máa ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́ kò ké lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ìbínú olówó rẹ̀ bà á. Ó já sójú títì, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke yà fún un. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan yà, ó sì kọ lu gọ́tà.

"Màmá, ẹ kú ìrìn o," ni obìnrin onísọ̀ kan kí i.

"Ta ló ń rìn? Ogun ni mò ń lọ."

Okùn bàtà rẹ̀ kan já kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bọ́ èkejì, ó fi í sọ́wọ́. Ṣé Ìbídùn? Ìbídùn tó jẹ́ pé òun, Clementina, ló gbé e wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tó bu omi sí i lẹ́sẹ̀, tó gbẹ̀bí àkọ́bí rẹ̀, tó pọ́n ọmọ náà títí ó fi tọ̀ sí i lẹ́yìn tán? Ẹni tí a kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀bẹ gé ilá ló wá yí ọ̀bẹ sí ni yìí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kún fún èéfín. Àwọn ìyá ń se oúnjẹ àlùfáà àgbà tó ń bọ̀ wá wàásù láti Abẹ́òkúta. Ìbídùn jókòó lórí àpótí, ó ń pàṣẹ. Ìyàwó kékeré kan, Modúpẹ́, di Gómìnà lẹ́sẹ̀ mú, àkùkọ náà dorí kodò, wọ́n ti dú u. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ṣì gbẹ, ó ń dán bí fàdákà nínú oòrùn. Lábẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìkòkò omi wà, omi náà ń hó.

"Modúpẹ́," ni Clementina wí, "bí o bá ki àkùkọ yẹn bọ omi, ọwọ́ rẹ ni yóò tẹ̀ lé e."

Modúpẹ́ dúró bí òpó. Ìbídùn kò dìde. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ láti orí àpótí, ìkúnlẹ̀ ẹni tí ìdí rẹ̀ kò fẹ́ kúrò níbi tó wà.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyálé. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa."

"Ta ló ní kí o gbé òkúta mi?"

"Òkúta wo? Ẹ̀yin lẹ ní ká wá kó ohun tó bá ní ìyẹ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ló gbọ́. Ẹ tiẹ̀ lu àyà sí i, ẹ ké."

Ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu. Clementina wo ẹni náà títí ọwọ́ náà fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. Ó gbé ohùn sílẹ̀, ó ṣòro fún un bí ẹni ń gbé ẹrù sọ̀ nìkan. "Àkùkọ ti kú, mo fara mọ́ ọn. Ẹ gba ẹran. Ẹ gba itan, ẹ gba orí, ẹ gba iwe. Kí ẹ jẹ́ kí n bó awọ ọrùn rẹ̀ nìkan báyìí, kó tó kan omi. Kò ní pẹ́ bí ẹni mu omi tán. Ẹ yá mi ní ọ̀bẹ."

"Awọ ọrùn?"

"Tòun tìyẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ yẹn ni mo ń jẹ, Ìbídùn. Ọ̀la mi ló wà lọ́rùn àkùkọ yẹn. Ọkọ̀ ń lọ ní Tọ́sìdé, kò sí àkùkọ aláwọ̀ eérú mìíràn láti ibí dé Apọ́ngbọ̀n, mo ti wá a."

Ìbídùn ro ọ̀rọ̀ náà, tàbí ó ṣe bí ẹni ń rò ó. "Ká gbé adìyẹ tí wọ́n bó lọ́rùn bí ewúrẹ́ síwájú àlejò? Wọn yóò ní àrùn ló ṣe é, tàbí pé aláàsè ti jẹ nínú rẹ̀. Àti pé, Ìyálé, kì í ṣe èmi ni mo máa kọ́ yín ní Bíbélì. Ananíà náà mú wá síwájú àwọn Àpọ́sítélì, ó yọ díẹ̀ pamọ́. Ẹ rántí ibi tí wọ́n gbé e gbà."

"Èmi lò ń pè ní Ananíà?"

"Ẹ ò ṣe ọkùnrin, Ìyálé. Sàfírà ni mo fẹ́ pè yín."

Ojú Clementina ṣókùnkùn. Kò mọ ìgbà tó sọ bàtà ọwọ́ rẹ̀ nù, kò mọ ìgbà tó kọjá láàárín àwọn ìkòkò. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ Gómìnà kan wà lọ́wọ́ òun, èkejì wà lọ́wọ́ Modúpẹ́.

"Jù ú sílẹ̀."

"Màmá, ẹ̀jẹ̀ ń ta sí mi láṣọ."

"Mo ní jù ú sílẹ̀, ọmọ yìí. Ṣé etí rẹ di ni?"

Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Modúpẹ́. Àgbà ní kó jù ú sílẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Clementina tó ti ń fi gbogbo ìdí rẹ̀ fà á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ sókè, tòbí rẹ̀ rí oòrùn ìkórè. Gómìnà fò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀run, gbogbo ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ dìde gannígannì, bó ṣe yẹ kó dìde lára ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ló wọnú ìkòkò.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Clementina fi ọwọ́ àti orúnkún rá dé ibẹ̀, ó fi igi ìdáná yọ àkùkọ náà. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò bìkítà. Ó tú ìyẹ́ ọrùn sórí ìró rẹ̀, ó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó ń fi àtàńpàkò fún omi rẹ̀ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọ̀kan yí ìka rẹ̀ po. Irun rẹ̀ kò dìde. Ó lẹ̀ mọ́ ìka bí ewé ẹ̀fọ́ tó jinná. Ó mú òmíràn. Bákan náà ni. Òórùn adìyẹ tútù gba ibẹ̀ kan.

Ó dìde. Ẹrẹ̀ kún ìdí rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yẹ̀ sí ojú kan. Ní ọjọ́ mìíràn, òun ni ì bá kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ ti sè é," ni ó wí. "Àkùkọ kọ́ lẹ sè. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Gbogbo yín tí ẹ dúró yìí, orí ta ni n kò dé àkẹtẹ̀ fún? Orí rẹ rí bíi kókò, mo fi ìyẹ́ bò ó títí o fi rí ọkọ. Ìwọ ọ̀hún, má wolẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Nígbà tí ẹ bọ́ àkẹtẹ̀ sílẹ̀, ta ló bi mí pé kí ni mo rí jẹ? Mo wá rí ẹyọ kan ṣoṣo tó kù, mo gbé òkúta lé e, ẹ ká òkúta kúrò lórí rẹ̀. Kí ẹ jẹ ẹ́ o. Kí eegun rẹ̀ há yín lọ́fun, láti orí olórí ẹgbẹ́ dé orí ẹni tó ṣá igi."

"Màmá, ilé Ọlọ́run nìyí," ni ẹnìkan sọ.

"Ọlọ́run gan-an ń gbọ́. Kó máa gbọ́." Ó yíjú sí Ìbídùn, ohùn rẹ̀ ti ha. "Ìwọ. Mo gbà ọ́ wọlé bí ọmọ. Ọjọ́ tí ọkọ rẹ kú, orí itan mi lo sùn. Má bá mi sọ ti Bíbélì, má bá mi sọ ti àlejò. O rí òkúta, o mọ̀ pé n kò fẹ́. Kí ni mo fi ṣe ọ́, Ìbídùn? Sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ìbídùn dìde wàyí. Kò gbé ohùn sókè. Ó fa etí ìró rẹ̀ jáde, ó tú kókó tó wà níbẹ̀, ó sì mú nǹkan kékeré kan jáde lórí àtẹ́lẹwọ́. Ìwọ̀ tó já bọ́ nílé ìpàdé ni. Ìyẹ́ aláwọ̀ eérú yí i po, irun rẹ̀ dúró gannígannì, àmì pupa bí ìpẹtà sì wà ní ṣóńṣó irun kọ̀ọ̀kan, irú àmì tí kò sí lára Gómìnà rí. Ó gbé e sún mọ́ ojú Clementina kí ó lè rí i dáadáa. Àwọn ìyá sún mọ́ ọn láti wò ó. Modúpẹ́ gan-an fi ìkòkò sílẹ̀.

"Ìyálé," ni Ìbídùn wí, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tó kanlẹ̀ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, "èkúté tó jẹ ìyẹ́ àkẹtẹ̀ tí ọkọ mi rà fún mi, ṣé òun náà ti wá mọ ìwọ̀ ẹja wé ni?"